Ẹni Tó Gbé Béèlì Rù Ú

Kò sí ẹni tó lè gbé béèlì ru ara ẹ̀. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀ nítorí pé mo ti gbìyànjú ẹ̀ rí. Ọ̀sẹ̀ kejì tí mo jáde sẹ́kọ́ńdìrì ni, tí mo ṣì ń rò pé ọkùnrin ni mí. Mo ká àkísà, mo fi ṣe òṣùká, mo lóṣòó ti béèlì jíǹsì kan tí màámi ṣẹ̀ṣẹ̀ rà, mo gbá a mọ́ra bí ẹni tó rí ẹ̀gbọ́n ẹ̀ tó ti òkè òkun dé, mo ní "hùn!" Béèlì ò mira. Èmi ni mo mira. Mo dojú bolẹ̀ lórí ẹ̀, imú mi há sáàárín okùn tí wọ́n fi dì í, gbogbo ìlà àwọn oníjíǹsì ní ọjà Kantamanto ní Accra sì bú sẹ́rìn-ín. Ìyá tó ń ta kọ́mú lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa pariwo pé kí wọ́n wá wo ọmọ Alata tó ń forí balẹ̀ fún béèlì.

Fún ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n, béèlì ni òkìríkà tí wọ́n fi ẹ̀rọ fún pọ̀, tí wọ́n fi okùn líle dì, tí ọkọ̀ ojú omi gbé dé ọ̀dọ̀ wa. Ó máa ń wúwo bí òkú. Ẹni tó bá fẹ́ rù ú, á lóṣòó, á gbé òṣùká sórí, á na ọrùn ẹ̀ gbọnrangandan, ẹni méjì á wá gbé e rù ú. Tó bá dé ibi tó ń lọ, ẹni méjì míì á sọ̀ ọ́. Láàárín ìgbà tí wọ́n gbé e rù ú sí ìgbà tí wọ́n máa sọ̀ ọ́, òun àti Ọlọ́run ẹ̀ ni. Láti kékeré ni mo ti ń rí i. Mi ò rò ó rí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo pé ẹrù tó wà lórí ẹnì kan, ọwọ́ ẹlòmíì ló gbé e débẹ̀. Orí mi tóbi lóòótọ́, àmọ́ kì í ṣe ìrònú ló gba àyè inú ẹ̀.

Sabon Zongo, àdúgbò àwọn àlejò ní Accra, là ń gbé. Ibẹ̀ ni wọ́n bí mi sí, ibẹ̀ ni wọ́n bí bàbá mi sí. Bàbá tó bí bàbá mi ló ti apá Ọ̀yọ́ wá ta wórobo, tí kò padà mọ́. Àwọn ará Ghana ń pè wá ní Alata. Tí àwọn ará Ọ̀yọ́ bá wá kí wa, wọ́n á ní ará Ghana ni wá. Yorùbá ẹnu mi yìí, ẹ bá mi fojú fò ó. Tí inú bá ń bí mi, Hausa ló ń jáde, tí ebi bá ń pa mí, ó di Twi. Mo ti ṣe ìdánwò àṣejáde, mò ń retí èsì, mo sì ń bá màámi dúró níṣọ̀. "Dúró" ni mo wí o, mi ò wí pé "ṣiṣẹ́". Iṣẹ́ tèmi ni kí n máa na jíǹsì sókè kí oníbàárà lè wo ìdí ẹ̀ bóyá ó ti já.

Obìnrin kan wà tó ń ru ẹrù fún wa. Láti abúlé kan tó kọjá Tamale ló ti wá, ní òkè àríwá lọ́hùn-ún. Irú wọn làwọn ará Accra ń pè ní kayayo. Nílé tiwa, alábàárù là ń pè wọ́n. Ó fi ọdún mẹ́ta jù mí lọ. Ó bí ọmọ kan tó wà lọ́dọ̀ ìyá ẹ̀. Mi ò ní dárúkọ ẹ̀, torí èyí tí mo ti ṣe fún un tó. Àǹtí ni mo máa ń pè é, òun náà á pè mí ní Alata. Hausa la fi ń bára wa sọ̀rọ̀: tèmi ti Zongo, tiẹ̀ èyí tó kọ́ nínú ọkọ̀ tó gbé e wá. Lójoojúmọ́ tá a bá ti sọ ẹrù lórí ẹ̀, tó jókòó lórí abọ́ irin ńlá ẹ̀ tó ń mu omi, orí mi ló máa ń kọ́kọ́ fi ṣe yẹ̀yẹ́.

"Alata, orí tó tóbi tó báyìí, kò sí nǹkan tí wọ́n gbé rù ú rí. Jẹ́ ká pààrọ̀."

"Àǹtí, ìwé ló wà nínú tèmi. Ó wúwo ju béèlì lọ."

"Ìwé kẹ̀? Atẹ́gùn ni. Tí mo bá kàn án báyìí, á dún bí agolo."

Á sì kàn án. Èmi náà á ṣe "gbàn-ùn" lẹ́nu, a ó jọ rẹ́rìn-ín.

Àmọ́ ọrùn ẹ̀ ti ń dùn ún. Ó bẹ̀rẹ̀ bí eré. Ó ní ọwọ́ ọ̀tún òun máa ń ṣe òun wìnrìnwìnrìn láàárọ̀, bíi pé òun sùn lé e. Nígbà tó yá, ife ń bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀. Nọ́ọ̀sì kan ní kílíníkì kékeré kan lọ́nà Adabraka fọwọ́ tẹ ọrùn ọ̀hún, ó ní eegun ibẹ̀ ti ń lọ ara wọn. Ó ní kó máa ru ohun tí kò wúwo, kó fi béèlì odindi sílẹ̀, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ọwọ́ yẹn máa kú. Àǹtí sọ ọ́ fún mi bí ẹni ń sọ ti ẹlòmíì. Ó ní, "Ohun tí kò wúwo, Alata. Kí n máa ru ìwọ kiri."

Níbi tí ọ̀rọ̀ dé yìí, ó di dandan kí n sọ nípa kókó, bí àwọn ará Ghana ṣe ń pe ògì, àti búrẹ́dì.

Ọdún tá a máa jáde nílé ìwé, wọ́n lé ọ̀kan nínú wa kúrò ní yàrá ìjẹun fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko, torí pé ó ní kókó tí wọ́n fún wa ń rùn. Ó ń rùn lóòótọ́. A bá pinnu pé kò sẹ́ni tó máa jẹun àárọ̀ títí wọ́n á fi gbà á padà. Ta ló pariwo jù? Èmi ni. Mo gun orí bẹ́ẹ̀dì ní họ́sítẹ́ẹ̀lì, mo na ìka sókè, mo ní ẹni tó bá fẹnu kan kókó, ọ̀dàlẹ̀ ni. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi. Àárọ̀ ọjọ́ kìíní, gbogbo wa jókòó, kókó tutù níwájú wa, ó dì, kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án. Ó wú mi lórí débi pé omi lé sí mi lójú. Àárọ̀ ọjọ́ kejì, ebi dé. Mo ní inú ń run mí, mo gba ọ̀nà ṣalángá lọ, búrẹ́dì méjì sì wà nínú ṣòkòtò mi. Ibẹ̀ ni mo ti ń jẹ ẹ́, nínú òórùn tó ju ti kókó lọ, nígbà tí ẹnì kan ṣílẹ̀kùn. Ọmọkùnrin tá à ń torí ẹ̀ gbààwẹ̀ ni. Ó wò mí, ó wo búrẹ́dì, ó ní, "Chálè, ọ̀rẹ́, fún mi díẹ̀." A jọ jẹ ẹ́ tán níbẹ̀. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ kẹta, gbogbo ilé ìwé ti ń mu kókó, wọn ò sì gbà á padà títí ọ̀sẹ̀ ọ̀hún fi pé. Mo rò pé ẹ̀ṣẹ̀ yẹn ò tó nǹkan, torí pé a pín in. Nígbà tí ìdánwò dé, wọ́n bi wá nínú Sóṣà, ìyẹn ẹ̀kọ́ nípa àwùjọ, pé kí ni ìfọwọ́sowọ́pọ̀. Mo kọ ojú ìwé méjì. Mo tún nawọ́ pé kí wọ́n fún mi ní bébà sí i.

Ìtàn ọjọ́ kìíní ni mo sọ fún Àǹtí. Mi ò dé ọjọ́ kejì. Ó tẹ́tí sí mi dáadáa, kò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ rárá. Ó ní, "Gbogbo yín? Kò sẹ́ni tó jẹ ẹ́?" Mo ní kò sí. Ó mi orí, ó ń rò ó.

Kò pẹ́ sígbà yẹn ni alábàárù kan ṣubú. Obìnrin àgbàlagbà ni, ó ru béèlì odindi, ó fẹ́ fo gọ́tà kékeré tó wà lẹ́yìn ìlà àwọn oníbàtà, ẹsẹ̀ ẹ̀ yẹ̀, béèlì sì jókòó lé e níbàdí. Kẹ̀kẹ́ ẹrù ni wọ́n fi gbé e lọ. A ò rí i mọ́. Ẹnì kan ní ó wà láàyè, ẹnì kan ní kò lè dìde. Ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e, àwọn alábàárù ṣèpàdé lọ́sàn-án, wọ́n rán àwọn mẹ́ta sí àwọn oníbéèlì. Àǹtí wà lára àwọn mẹ́ta ọ̀hún. Ohun tí wọ́n ní àwọn fẹ́ ò ju ẹyọ kan lọ: kí wọ́n máa já okùn béèlì nídìí ọkọ̀ ẹrù, kí àwọn máa rù ú ní ìdajì-ìdajì. Tí wọ́n bá gbà, Àǹtí á máa bá iṣẹ́ ẹ̀ lọ. Tí wọn ò bá gbà, ọwọ́ ẹ̀ ló máa bá a lọ.

Wọn ò gbà. Mi ò lè purọ́ mọ́ wọn pé ìkà ni wọ́n. Ẹni tó ra béèlì ò mọ ohun tó wà nínú ẹ̀. Ojú ìṣọ̀ ẹ̀ ló ti máa já okùn, níṣojú àwọn oníbàárà tó ti ń dúró láti ìdájí kí wọ́n lè ṣa èyí tó dáa jù. Tí okùn bá ti já níbòmíì, kò sẹ́ni tó máa gbà pé wọn ò tíì ṣa á.

"Béèlì tí wọ́n já lójú títì," màámi ní, "àkísà ni mo rà yẹn. Ta ló máa dá mi lóhùn?"

"Ẹ̀yin náà ẹ tẹ̀ lé wọn dé ìdí ọkọ̀, ẹ máa wò ó."

"Ìwọ, ṣé o ti gbọ́ èsì ìdánwò ẹ? Nígbà tó o bá gbọ́, kó o wá kọ́ mi ní òwò."

Ní ọ̀sán Ọjọ́rú, Àǹtí pè mí sẹ́yìn ìṣọ̀. Ó ní àwọn ò ní sọ pé àwọn ò rù mọ́, torí tí àwọn bá sọ bẹ́ẹ̀, ẹni tí ebi ń pa jù láàárín àwọn ni wọ́n máa kọ́kọ́ rí mú. Àwọn ò kàn ní gbé e ru ara àwọn ni. Ẹni tó bá wù kó lóṣòó. Kò sẹ́ni tó máa bú u, kò sẹ́ni tó máa lé e. Ọwọ́ tó máa gbé e rù ú ni kò ní sí.

Mo wò ó. Gbogbo ojú ìwé méjì tí mo kọ, kò sí ìlà kan níbẹ̀ tó mọ́gbọ́n dání tó èyí.

"Lọ́la," ó ní, "tó o bá ti rí i pé a jókòó, ki ọwọ́ bọ àpò."

"Kí ló kàn mí níbẹ̀, Àǹtí? Èmi kì í ru ẹrù."

"O kì í rù ú, àmọ́ o lọ́wọ́. Ọwọ́ ni wọ́n máa wá. Mi ò ní kó o bá wa jókòó, mi ò ní kó o bá ìyá ẹ jà. Ṣáà ki ọwọ́ bọ àpò."

"Ṣé ìyẹn nìkan? Ẹ ti rí ẹni tó tọ́ sí i. Ọ̀lẹ tó lórúkọ ni mí. Tí wọ́n bá ń fi kíki ọwọ́ bọ àpò ṣèdánwò, èmi ló máa gba ipò kìíní ní gbogbo Ghana."

Kò rẹ́rìn-ín. "Alata, má fi ṣeré. Ọrùn mi ni."

Mo fi ìka kan ilẹ̀, mo fi kan ahọ́n. Mo búra fún un níwájú béèlì.

Ọjọ́bọ̀ ni ọkọ̀ ẹrù máa ń dé. Nígbà tí mo dé ọjà láàárọ̀, wọ́n ti kó béèlì sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, ó tò lọ bí ibojì. Àwọn alábàárù jókòó lórí abọ́ wọn lápá kejì, òṣùká lórí itan. Wọn ò pariwo. Mi ò gbọ́ irú ìdákẹ́jẹ́ bẹ́ẹ̀ rí ní Kantamanto. Àwọn oníbéèlì ló ń pariwo.

"Ẹ̀yin wọ̀nyí, ṣé ẹ ń ṣàìsàn ni?" ìyá oníkọ́mú kígbe. "Àbí ẹ ń retí ọkọ?"

Ọ̀kan nínú wọn fèsì láìgbójú sókè, "Ìyá, ara wa le. Ẹ gbé béèlì yín rù wá wò, ká mọ̀ bóyá ara tiyín le."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, ọwọ́ mi méjèèjì wà nínú àpò, mo fara ti òpó, mò ń ṣe bíi pé èmi ni mo dá ọgbọ́n ọ̀hún. Inú mi dùn, ẹ má jẹ́ n purọ́. Mò ń rò ó bí mo ṣe máa ròyìn ẹ̀ fún àwọn ọ̀rẹ́ mi.

Lẹ́yìn wákàtí kan, ojú ọ̀run ṣú. Béèlì méjì ni màámi ní níbẹ̀, gọ́tà ò sì jìnnà sí wọn. Tí òjò bá rọ̀, omi gọ́tà á wọlé, jíǹsì á jẹrà láàárín ọjọ́ mẹ́ta. Àwọn oníbàárà ti ń yọ́ kúrò níṣọ̀ wa lọ́kọ̀ọ̀kan. Màámi ń rìn lọ, ó ń rìn bọ̀, ó tú gèlè, ó tún un wé. Nígbà náà ni ìyá arúgbó kan dìde lápá kejì. Ẹni tuntun ni, kò tíì pé ọ̀sẹ̀ kan tó dé. Gbogbo wọn ń wò ó. Bí wọ́n ṣe sọ náà ni, kò sẹ́ni tó bú u. Ó sọdá, ó lóṣòó ti béèlì màámi, ó gbé òṣùká tó ti ya sórí, ó na ọrùn.

Màámi di apá kan béèlì mú. Ó wò yíká. Ojú ẹ̀ bọ́ sí mi lára.

"Wá bá mi gbé e ru màmá yìí."

"Màámi..."

"Kí lo wí?"

Mo ki ọwọ́ bọ àpò sí i, títí èékánná mi fi kan itan. Àǹtí ń wò mí láti ọ̀hún. Mo mọ̀ pé ó ń wò mí.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí wọ́n ṣe tọ́ mi. Láti ìgbà tí mo ti mọ̀ ọ́n rìn ni màámi ti máa ń sọ pé, "Tó o bá rí àgbàlagbà tó lóṣòó ti ẹrù, gbé e rù ú ná kó o tó kí i." Ó ní ẹni tó bá kọjá lára irú ẹni bẹ́ẹ̀, wọn ò kọ́ ọ nílé ni. Nígbà tí mo wà ní ọmọ ọdún méje, mo kọjá lára ìyá aládùúgbò kan tó lóṣòó ti garawa omi. Màámi mú mi padà síbẹ̀, ó ní kí n dọ̀bálẹ̀ nínú ẹrẹ̀. Nínú gbogbo ẹ̀kọ́ Yorùbá tí wọ́n kọ́ mi, èyí nìkan ló wọ̀ mí lára. Mi ò gbọ́ òwe, mi ò mọ oríkì, mo máa ń kí àwọn àgbà ní "ẹ káàárọ̀" lọ́sàn-án. Àmọ́ ti ẹrù yìí, ó mọ́ mi lára.

Ìyá arúgbó náà yí ojú sí mi, ọrùn ẹ̀ nà síbẹ̀. Ó fi Hausa ní, "Ọmọ mi, nítorí Ọlọ́run. Orúnkún ń dùn mí."

Ọwọ́ mi jáde nínú àpò. Bí mo ṣe máa ń sọ ọ́ nìyẹn, "ọwọ́ mi jáde", bíi pé ọwọ́ yẹn ń gbé ilé tiẹ̀. Èmi ni. Mo rìn lọ síbẹ̀, mo di apá kejì mú, èmi àti màámi ní "hùn!", a sì gbé e rù ú. Ìyá arúgbó dìde, ó ń gbọ̀n, ó ń lọ.

"Ẹ wo ọmọ dáadáa!" ìyá oníkọ́mú kígbe. "Ṣé ẹ rí ọmọ tí wọ́n kọ́! Níbo làwọn tèmi wà?" Ó pe àwọn ọmọ ẹ̀ ọkùnrin méjèèjì. Oníbàtà pe àbúrò ẹ̀. Kò tíì pé ìgbà tí èèyàn fi ń bó ewé lára kẹ́ńkẹ́, ẹ̀kọ àwọn ará Ghana, tí ọwọ́ ti pọ̀ lójú títì bí eṣú, gbogbo wọn ń wá orí tí wọ́n máa gbé e lé. Lápá kejì, ẹnì kan dìde. Ẹnì kan tún dìde. Mi ò lè dá wọn lẹ́bi; tí ẹni tó jókòó tì ọ́ bá ti ń rù ú, tí o bá jókòó, kí lò ń ṣọ́? Wọ́n ń sọdá, wọ́n ń lóṣòó, wọn ò wo ara wọn lójú.

Àǹtí ló sọdá kẹ́yìn. Ó wá síwájú mi, ó lóṣòó ti béèlì màámi kejì.

"Alata, wá gbé e rù mí."

"Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́. Kì í ṣe ẹ̀yin."

"Tí mi ò bá rù ú, ìyá arúgbó yẹn ló máa gba ìṣọ̀ yín lọ́wọ́ mi kó tó di alẹ́. Ọmọ mi ń jẹun. Wá. Ṣebí o mọ̀ ọ́n gbé."

Mo wo màámi. Màámi ń wo ojú ọ̀run. Mo tún wo ìlà, bóyá ẹlòmíì á wá gbé e, kó má jẹ́ èmi. Gbogbo ọwọ́ ti dí.

Mo gbé e. Bá a ṣe gbé e lé e lórí, nǹkan kan dún. Ó lè jẹ́ okùn béèlì. Títí di òní ni mò ń sọ fún ara mi pé okùn ni. Ó dìde, ó dúró díẹ̀, ó fẹsẹ̀ wá ilẹ̀ bí ẹni tó wà nínú òkùnkùn, ó sì lọ.

Òjò ọ̀hún ò rọ̀. Ní ọ̀sán, oòrùn mú janjan lórí wa.

Láti ọjọ́ yẹn, kò pè mí ní Alata mọ́. Kò pè mí ní nǹkan kan. Tá a bá sọ̀ ọ́ tán, á jókòó sórí abọ́, á mu omi, á bá màámi sọ ohun tó bá fẹ́ sọ, ojú ẹ̀ á kọjá lára mi bíi pé jíǹsì tí wọ́n so kọ́ ni mí. Mo fi orí ara mi ṣe àwàdà, mo ní "Àǹtí, ẹ kàn án, ẹ jẹ́ ká gbọ́ bóyá ó ṣì ń dún." Ó ń ká òṣùká ẹ̀. Mo fi ọwọ́ ara mi kàn án. Mo ṣe "gbàn-ùn". Ẹ lè fojú inú wò ó, gìrìpá tó ń kan orí ara ẹ̀ láàárín ọjà.

Kò pé oṣù kan tí ọwọ́ ọ̀tún ẹ̀ fi kú. Ó fẹ́ gbé òṣùká sórí láàárọ̀, ọwọ́ ò gòkè. Ó fi ọwọ́ òsì gbé e, ó jábọ́. Ó tún gbìyànjú ẹ̀. Màámi ní kó jókòó. Ó jókòó títí a fi palẹ̀ mọ́.

Ọjọ́ tí Àǹtí ń padà sílé, èmi àti màámi sìn ín dé ibùdókọ̀ Tamale. Màámi di jíǹsì ọmọdé sínú àpò ńlá kan fún ọmọ ẹ̀, èyí tó dáa jù nínú béèlì, tí oníbàárà kankan ò tíì ṣa. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ màámi, ó fi orúnkún kan ilẹ̀ díẹ̀. Nígbà tí wọ́n ní kí wọ́n kó ẹrù sókè ọkọ̀, mo sáré síbi àpò ọ̀hún. Kò wúwo rárá. Èmi nìkan lè gbé e.

"Fi í sílẹ̀," ó ní. Kò pariwo. "Ki ọwọ́ bọ àpò."

Àwọn alábàárù mẹ́ta tó bá a wá ló gbé e. Ẹni mẹ́ta fún ẹrù tí ọmọdé lè gbé. Mo ki ọwọ́ bọ àpò, mo dúró síbẹ̀ títí ọkọ̀ fi ṣí. Mo ṣe é dáadáa lọ́jọ́ yẹn.

Nínú tróótróó tá a wọ̀ padà, màámi ń wo ojú fèrèsé. Nígbà tó ṣe, ó ní, "Èmi ni mo pè ọ́."

Mo ní, "Èmi ni mo wá, màámi."

Ó ní, "Hùn." Mo rántí búrẹ́dì, bá a ṣe pín in ní ṣalángá tó sì tán. Èyí tó wà láàárín èmi àti màámi nínú ọkọ̀ yẹn, a pín in, síbẹ̀ odindi wà lọ́wọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan wa.

Èsì ti jáde. Mo fìdí rẹmi nínú ìṣirò, ìyẹn ò ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Sóṣà ni mo ti ṣe dáadáa jù. Mo ti lọ bá àwọn alábàárù lẹ́ẹ̀mejì, mo ní tí wọ́n bá tún fẹ́ jókòó, èmi náà á bá wọn jókòó, kì í ṣe àpò nìkan. Ẹ̀ẹ̀kan wọ́n rẹ́rìn-ín. Ẹ̀ẹ̀kejì wọn ò tiẹ̀ rẹ́rìn-ín. Ọ̀kan nínú wọn ní, "Ìwọ? Ìwọ tó ń gbé e rù wá?" Orúkọ tí mo ní lọ́jà báyìí nìyẹn. Tí ọkọ̀ ẹrù bá ti dé, láti ìlà oníjíǹsì dé ti oníbàtà, gbogbo wọn á máa ké sí mi, "Ọmọ dáadáa, wá bá wa gbé e!" Mo sì ń lọ. Tí mi ò bá lọ, ẹlòmíì á lọ. Mo ti di ẹni tó ń sọ bẹ́ẹ̀.

Ìyá arúgbó yẹn ló ń ru ẹrù fún wa báyìí. Ọjọ́bọ̀ tó kọjá, kó tó lóṣòó, ó ń na ọwọ́ ọ̀tún ẹ̀, ó ń ká a. Mo bi í pé kí ló dé. Ó ní kò sí nǹkan kan, ó kàn ń ṣe òun wìnrìnwìnrìn láàárọ̀ ni, bíi pé òun sùn lé e.

Mo wo màámi. Màámi ti gbọ́ ọ. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó di apá kan béèlì mú, ó ń dúró dè mí.